Ǹjẹ́ Àánú Ni Kí A Ra Ọmọ Ọ̀bọ Tí A So Mọ́ Okùn?

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan nínú ìjọ wa bá àwọn olùkọ́ wọn lọ sí Calabar, láti wo ọgbà tí a ti ń tọ́jú àwọn ẹranko tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀kan nínú wọn tọ̀ mí wá, ó ní, “Fadá, bí mo bá rí ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́ okùn lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń tà á, tí owó sì wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n rà á, kí n lè gbà á là?” Ìbéèrè náà kò kéré. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ náà rí. Láti ọdún 1991 ni ẹgbẹ́ Pandrillus ti ń tọ́jú ọ̀bọ kan tí a ń pè ní drill nínú ọgbà náà. Ojú rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ kúrú, akọ rẹ̀ sì tóbi tó abo méjì. Ibi mẹ́ta péré ni a ti ń rí i nínú igbó ní gbogbo ayé: ìpínlẹ̀ Cross River àti àyíká rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Cameroon, àti erékùṣù Bioko. Ọ̀nà tí a ń gbà pa á burú. Àwọn ọdẹ a kó ajá wọ igbó. Ajá a lé agbo ọ̀bọ náà gun orí igi. Níbẹ̀ ni ìbọn yóò ti máa já wọn lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran ìyá di ti ọjà. Ọmọ tí ó dì mọ́ ọn láyà kò lẹ́ran lára, nítorí náà a ó fi okùn sí i ní ìbàdí, a ó gbé e síta kí ẹni tí ó fẹ́ ohun ìṣeré, tàbí aláàánú, lè rà á.

Ọkàn ọmọ tí ó béèrè yìí mọ́, n kò sì bá a wí. Ìwé Mímọ́ pàápàá ka ìtọ́jú ẹ̀mí ẹran mọ́ ìwà olódodo. Ṣùgbọ́n Tómásì Mímọ́ ti Akúínò kọ́ wa pé àánú kì í di ìwà rere àfi bí òye bá ń tọ́ ọ sọ́nà. Omijé nìkan kò tó. Ó yẹ kí a béèrè ibi tí owó wa ń lọ. Owó tí ẹ san lórí ọmọ yẹn, ọwọ́ ta ni ó bọ́ sí? Ọwọ́ ọdẹ ni, tàbí ti alágbàtà rẹ̀. Kí ni yóò fi ṣe? Yóò fi ra ọta ìbọn. Ẹ rò pé ẹ gba ọ̀kan là, ẹ sì ti san owó ikú ìyá mìíràn tí ó ṣì wà nínú igbó. Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á. Òwe náà kò yọ ẹni tí ó fi àánú gbà á sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, “Fadá, èyí tí ó wà níwájú mi ń kọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ó kú?” Ó tọ́ kí a béèrè bẹ́ẹ̀. Kíkọ̀ láti rà á kì í ṣe kíkọ̀ láti ṣe nǹkan. Láti ọdún 1985 ni ilẹ̀ wa ti ní òfin tí ó ka pípa àti títa àwọn ẹranko tí ìran wọn ń lọ sí òpin léèwọ̀. Ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn, kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó, tàbí kí ẹ ránṣẹ́ sí irú ọgbà bí èyí. Nígbà mìíràn wọn yóò tètè dé. Nígbà mìíràn ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ó yẹ kí èyí dùn wá, nítorí ibi ti ṣẹlẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀.

Àwọn tí a sì gbà sílẹ̀ pàápàá kò rọrùn láti dá padà sílé. Ìyá tí ìbá kọ́ ọmọ ní ohun jíjẹ àti ohun tí ó yẹ kí ó sá fún ti kú. Ní Òkè Afi, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Cross River sọ di ibi ààbò fún ẹranko ní ọdún 2000, inú igbó gidi tí a fi wáyà iná yí ká ni a ń tọ́jú wọn sí. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ní ìyìn. Ṣùgbọ́n gbèsè ni a ń san níbẹ̀, gbèsè tí ìbọn àti ọjà jẹ.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Fadá, ta wá ni ó ra ẹran ìyá rẹ̀?”

N kò rí èsì fún un. N kò de ẹran jíjẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹran ìgbẹ́ bá wà nínú àwo yín, tí ẹ kò sì mọ ẹran tí í ṣe, ẹ rántí pé ọmọdé kan ṣì ń retí ìdáhùn.