ẸJỌ́ ỌMỌDÉ NÍ ILÉ-ẸJỌ́ KÒTẸ́MILỌ́RÙN: TA NI YÓÒ JẸ́RÌÍ?

  

Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ìkookò gbé ọmọ ọ̀kan nínú obìnrin méjì lọ, àwọn méjèèjì sì ń jà sí ọmọ tí ó kù. Ànábì Dáúdà dá ọmọ náà fún èyí tí ó dàgbà jù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ro ẹjọ́ fún Ànábì Sulaimana. Ó ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá, kí òun pín ọmọ sí méjì. Èyí tí ó kéré kígbe pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ti ẹnì kejì ni. Sulaimana bá dá ọmọ fún un, nítorí ó ti mọ ìyá.

Ìdájọ́ kejì nìyẹn, lórí ọmọdé. Àmọ́ lóde òní, bí ẹni tí a ní ó lu ọmọ lálùbami bá jàre ní kòtẹ́milọ́rùn, ọ̀pọ̀ wa a máa bínú, a ó ní owó ló ṣiṣẹ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí adájọ́ tí kò fojú rí ọmọ náà yí ìdájọ́ ẹni tí ó rí i padà?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ní ọ̀bẹ Sulaimana. Adájọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ni í jókòó. Wọn kì í sábà pe ẹlẹ́rìí, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n a máa bọ̀wọ̀ fún adájọ́ àkọ́kọ́ tí ó rí ẹlẹ́rìí lójúkojú. Ṣùgbọ́n wọ́n a wò ó bóyá ó gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á kalẹ̀ ní 1978 nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Mogaji àti Odofin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹ̀rí kò bá gbé ìdájọ́ ró, wọn a dà á nù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 209, gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láàyè láti sọ̀rọ̀ láìbúra, bí ó bá ní òye tí ó sì mọ̀ pé òtítọ́ ni ó yẹ ká sọ. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Níbo ni yóò ti wá? Ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí ó gbọ́ igbe, ọ̀dọ̀ àfáà tí ó rí ọgbẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá tí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Bí àwọn wọ̀nyí bá dákẹ́ ní ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, kí ni adájọ́ kejì yóò kà?

Ẹ rántí Rigasa, nínú Kàdúná wa yìí, ní September 26, 2019. Àwọn ọlọ́pàá bá ọkùnrin tí ó lé ní 300, tọmọdé tàgbà, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn. Ẹbí àwọn kan fúnra wọn ni ó mú wọn lọ síbẹ̀. Ariwo gba ayé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kí ó tó ṣí ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní bíbo àṣírí Mùsùlùmí ni ó dára. A gbà, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ láàárín òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ọgbẹ́ ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe àṣírí ẹni tí ó nà án. Àwa tí a ń kọ́ni ní kéwú náà ń di bùlálà mú. Àwa ni ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ wa bá kọjá ààlà.

Kí a má sì jẹ́rìí èké. Ọ̀rọ̀ èké lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí rere, nítorí irú wọn ni kòtẹ́milọ́rùn ṣe dára. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìdákẹ́ wa di ẹkùn. Àmín.