Kí Ọjà Wa Má Ṣe Dákẹ́

Olódùmarè, Ọba tó ni òwúrọ̀ tó tún ni ọjọ́rọ̀, ilẹ̀ Ìgbómìnà la ti ń pè ọ́ lónìí ọjọ́ ọjà. Láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́, láti Ajàṣẹ́-Ìpo dé Ìsánlú-Ìsin, àwọn ọmọ rẹ ti gbé igbá karí. Àwọn kan gun ọ̀kadà, àwọn kan há mọ́ra wọn nínú ọkọ̀ akérò. Gbọ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ owó ń bọ̀, a ó débẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ń tọrọ ni ẹni tí yóò rí wa tí yóò pè wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń jáde láti inú ilé tó ti dákẹ́. Ọmọ ti lọ sí Ìlorin, òmíràn wà l'Ékòó, bàbá ti re ibi àgbà ń rè. Láti ìdájí, kò tíì sí ẹni tó bi í pé ṣé ó sùn dáadáa. Àmọ́ kó tó dé ìdí ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n á ti máa kí i lọ́tùn-ún lósì. “Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Onírú. Orúnkún ńkọ́? Ṣé ó ti ń rọlẹ̀?” Ojú rẹ̀ á là. Olúwa, má ṣe gba ìkíni yẹn lẹ́nu wa. Kí ìyá tó gbé irú, kí èyí tó gbé òrí, kí èyí tó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, kí gbogbo wọn rí ẹni kí wọn kí wọ́n tó rí ẹni ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ajé wọ igbá, kó fìdí kalẹ̀.

Bù sí ìnájà wa pàápàá. Àlejò tó bá ń gbọ́ ọ láti òkèèrè á rò pé ìjà ti bẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí á dá iye kan, ẹni tó ń tà á á kígbe pé, “Ha! Ìkútà nìyẹn o, ẹ má pa mí!” Oníbàárà á ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n á pè é: “Ẹ padà wá jàre, ẹ fowó kún un.” Kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n á ti bèèrè ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, wọ́n á ti jọ ráhùn lórí owó mọ́tò, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, obìnrin tó ń ta gàrí á ki kọ́ńgò bọ inú rẹ̀. Á fi apá òsì gbá kọ́ńgò náà mọ́ra, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún rọ gàrí lé e títí yóò fi ga ṣóńṣó, tí yóò máa ṣàn sílẹ̀ létí rẹ̀ yí ká. Á rọra dà á sínú ọ̀rá. Á wá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Ènì nìyẹn. Kò sí nínú iye tí wọ́n jọ dúnàádúrà lé, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi agbára gbà á. Lójú tèmi, kò sí ohun tó sunwọ̀n tó o lórí àtẹ. Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kí ọ̀wọ́n gógó gba ènì lọ́wọ́ wa. Bí owó ọjà bá ń gòkè, kí ọwọ́ tó ń bu ènì má ṣe ká kò. Àwọn tó ń tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú kí wọ́n lè fi rẹ́ aláìní jẹ, tún ọkàn wọn ṣe, kí o sì fún wọn ní èrè tí kò lẹ́kún nínú.

Jọ̀wọ́, rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìjọba ní kí a dá náírà àtijọ́ padà sí báńkì, a dá a padà, tuntun kò sì sí níbi tí a gbé e lọ. Títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́, owó la fi ń ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Iṣu wà lórí àtẹ, ebi wà nínú ilé, kò sí ohun tó máa gbé ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá kan wo ojú oníbàárà wọn, tí wọ́n ní, “Ẹ máa gbé e lọ. Ṣebí mo mọ ilé yín.” Olúwa, gbogbo ọwọ́ tó ta àwìn lọ́jọ́ ìṣòro, má jẹ́ kó ṣófo láé. Kí ẹni tó mọ ilé oníbàárà rẹ̀ rí ẹni tí yóò mọ ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ àìsàn. Ẹni tó sì jẹ gbèsè àwìn, tó wá ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá torí ìtìjú, fún un lówó tí yóò san, fún un láyà tí yóò fi gba iwájú wá, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Mo wúre fún obìnrin Fúlàní tó ru igbá wàrà wá láti gáà, tí òun àti oníṣu jọ ń pín òjìji igi kan náà. Ìwọ mọ ohun tó ń já wa láyà. Lọ́dún 2025, àwọn agbébọn àti ajínigbé sọ ọ̀nà oko di ọ̀nà ẹ̀rù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ìlú Bàbáńlá sunkún, ìlú Òkè-Òde sunkún, àwọn ọdẹ tó jáde láti ṣọ́ ìlú kò padà wálé. Tu àwọn tó ṣọ̀fọ̀ nínú. Tú àwọn tó wà nígbèkùn sílẹ̀. Gba igbó wa lọ́wọ́ àwọn òṣìkà, kí àgbẹ̀ lè lọ kó lè bọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó wà nínú igbó ba ojú tí a fi ń wo ẹni tó jókòó tì wá lọ́jà jẹ́. Bí ìfura bá wọlé sáàárín ẹni tó ń ta iṣu àti ẹni tó ń ta wàrà, ọdún pípẹ́ la ó fi máa wá ohun tó sọnù náà.

Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, irun wọn ga, ilà wà lójú wọn. Àwọn àgbà máa ń pìtàn pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n péjọ bí èrò ọjà, wọn ò sì lè bi ara wọn pé, “Ṣé dáadáa ni?” Ìwọ tó fún wa ní ẹnu, má ṣe jẹ́ kí a jókòó bíi tiwọn. Kí ọ̀dọ́ tó tẹjú mọ́ fóònù gbójú sókè bí arúgbó bá dúró síwájú àtẹ rẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kó bèèrè ara wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán láti ìlú jíjìn, tí kò gbọ́ èdè wa, kí ó rí ìyá tí yóò kọ́ ọ ní “ẹ kú ọjà o”, tí kò sì ní tìtorí pé ó jẹ́ àlejò gbówó lé e. Ọmọ wa tó ń wá iṣu ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó pàdé ẹni tí yóò kí i, “ẹ kú òtútù.” Ìsọ̀ tí ẹni tó ni ín ti sùn, kí ọmọ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀, kó jogún oníbàárà àti ọ̀yàyà ìyá rẹ̀ pọ̀.

Bù kún alábàárù tí ọrùn ń ro. Bù kún awakọ̀, má jẹ́ kí bíréèkì rẹ̀ já. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, kí aládùúgbò rẹ̀ rà níbẹ̀ kó tó palẹ̀ mọ́. Kí gbogbo wa délé bá ọmọ láyọ̀, kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá wa láyé lókun, kí a máà wá ẹnì kankan tì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ ṣe àmín. Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ẹ ní kó ṣẹ.

Àṣẹ.