Àkàrà Ọya ní Ìgboro Salvador: Níbo ni Ìwà Mímọ́ Oúnjẹ Wà?

Acarajé ni àkàrà tí àwọn obìnrin ń fi epo pupa dín lójú pópó ìlú Salvador, olú ìlú Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil. Òun ni oúnjẹ ìgboro tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ níbẹ̀. Òun kan náà ni oúnjẹ Ọya, òrìṣà tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ilẹ̀ Brazil, ń pè ní Iansã. Ohun tí wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà nínú ilé àṣẹ, ìyẹn ilé òrìṣà, ni ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àrìnrìn-àjò, àti ọ̀dọ́ tó mú bíà tútù lọ́wọ́ ń fi owó rà ní gbàgede. Ìbéèrè tó wà nídìí èyí kò mọ sí Bahia nìkan. Níbo gan-an ni ìwà mímọ́ oúnjẹ wà? Ṣé inú oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ni, àbí inú ọkàn ẹni tó ṣe é? Bí wọ́n bá sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́, ṣé ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì jẹ́?

Àtẹ àti àwọn tó ni ín

Bí wọ́n ṣe ń ṣe acarajé kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dúró ti ìyá alákàrà rí ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sínú omi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì pò ó títí yóò fi fúyẹ́. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé ti Bahia tóbi ju tilé lọ, epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì máa ń là á láàárín kí wọ́n tó ki nǹkan sí i. Lára ohun tí wọ́n ń ki sí i ni vatapá, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo pupa sè. Wọ́n tún ń fi caruru, tó jẹ́ ọbẹ̀ ilá, edé gbígbẹ àti ata sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ díndín á ra abará, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì sè bí ọ̀lẹ̀. Kí alákàrà tó dì í fún oníbàárà, á kọ́kọ́ bi í bóyá gbígbóná ló fẹ́ tàbí tútù: bó bá ní gbígbóná, ata nìyẹn.

Baiana ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Àdúgbò Rio Vermelho, tó wà létí òkun, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọjà alẹ́ wọn ti ń gbóná jù. Ní gbàgede Largo de Santana níbẹ̀, tábìlì àwọn ilé ọtí yí àtẹ àwọn alákàrà ká. Ẹni tó bá jókòó á ní kí wọ́n gbé bíà wá láti ilé ọtí, á sì lọ ra acarajé nídìí àtẹ. Lindinalva de Assis, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Dinha, jogún àtẹ ìyá àgbà rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó kú ní 2008, orúkọ rẹ̀ ti mọ́ gbàgede náà lára débi pé Largo da Dinha ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Ní àdúgbò Itapuã, Jaciara de Jesus Santos, tí wọ́n ń pè ní Cira, di ẹni tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá títí tó fi kú ní 2020. Orúkọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọjà oúnjẹ Salvador ró, ju orúkọ ilé oúnjẹ èyíkéyìí lọ.

Àkàrà àti òmìnira

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, pọ̀ gan-an ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn olówó ẹrú máa ń rán àwọn ẹrúbìnrin wọn lọ kiri ọjà, títí kan àkàrà, ní ìgboro. Wọ́n á bu iye kan lé wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú un wálé. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ lè di ti obìnrin náà. Láti inú èlé kékeré yìí ni àwọn kan ti tu owó jọ títí wọ́n fi ra ara wọn padà, tí wọ́n sì ra ọmọ wọn padà pẹ̀lú. Nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Brazil ní 1888, ọ̀pọ̀ kò ní ilẹ̀, wọn ò sì ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ní. Manuel Querino, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Bahia tó kú ní 1923, ṣàpèjúwe acarajé àti bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀wà rẹ̀ lórí ọlọ nínú ìwé tó kọ lórí oúnjẹ Bahia, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1928.

Ẹ̀sìn tó bí oúnjẹ náà kò rí irú àyè tí àkàrà rí ní ìgboro. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún. Ní gbogbo àkókò tí ìlù òrìṣà wà lábẹ́ ìṣọ́ yìí, oúnjẹ Ọya wà ní gbangba lórí àtẹ, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ ń jẹ oúnjẹ ẹ̀sìn tí ìjọba ń fura sí.

Ohun tó mú un jẹ́ ti Ọya

Nínú Candomblé, iná ni àkàrà dúró fún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ṣàngó rán Ọya lọ gba oògùn tí ń jẹ́ kí iná máa yọ lẹ́nu ẹni. Ọya tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, iná sì ń yọ lẹ́nu tirẹ̀ náà láti ọjọ́ náà. Àkàrà tó pọ́n nínú epo jẹ́ ìrántí iná yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ Santa Bárbara lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, àwọn ará Salvador máa ń wọ aṣọ pupa, wọ́n á tò lọ ní ìwọ́de, wọ́n á sì pín caruru jẹ, nítorí pé ẹni mímọ́ yẹn àti Iansã ti di ọ̀kan lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nígbà kan, àwọn ọmọ Iansã nìkan ni àṣà gbà láyè láti ta acarajé. Títà náà jẹ́ ara ohun tí òrìṣà béèrè lọ́wọ́ wọn, owó tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìgbaniwọlé sínú ìsìn òrìṣà àti ọdún nínú ilé àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni àyè gbòòrò fún àwọn ọmọ òrìṣà mìíràn, àti fún ẹni tí kò sin òrìṣà kankan. Síbẹ̀, àwọn alákàrà kan ṣì wà tó jẹ́ pé àwọn àkàrà wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dín, Èṣù ni wọ́n ń fún, kí wọ́n tó ta ohunkóhun.

Èyí fi hàn pé ìbéèrè bóyá ohun mímọ́ ṣeé tà ti gbà pé ọjà àti ojúbọ jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Èrò Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Èṣù ní àyè nínú ọjà, ayé fúnra rẹ̀ sì lọjà. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú òrìṣà, àwọn èèyàn ló sábà máa ń pín in jẹ. Nídìí àtẹ acarajé, títà kọ́ ló ba ìsìn jẹ́. Ìsìn ló bí títà.

Èrò àkọ́kọ́: inú oúnjẹ náà ni

Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Bahia kì í fẹnu kan acarajé. Lójú wọn, ohun tó bá ti jẹ́ ti òrìṣà kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn mọ́. Èrò yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ó gbà pé ohun tí a fi nǹkan ṣe lè yí nǹkan náà padà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ẹ̀sìn mìíràn ṣe gbà pẹ̀lú irú nǹkan bí omi ìrìbọmi.

Àmọ́ ibì kan wà tí ẹsẹ̀ èrò náà kò ti múlẹ̀. Àkàrà tó wà lórí àtẹ kọ́ ni wọ́n gbé síwájú Ọya. Irú rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé irú ti tó láti sọ nǹkan di èèwọ̀, ilé Kírísítẹ́nì wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni yóò lè gbé obì àti orógbó kalẹ̀ níbi ìdána? Ṣàngó ló ni orógbó, síbẹ̀ àwọn pásítọ̀ ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi ṣàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó. Iṣu, epo àti ẹ̀wà kò ní bọ́ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀.

Èrò kejì: inú ọkàn ni

Èrò kejì ni ti Pọ́ọ̀lù nínú Ìwé Kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹjọ: òrìṣà kò jámọ́ nǹkan, oúnjẹ kò sì lè mú èèyàn súnmọ́ Ọlọ́run tàbí kó mú un jìnnà sí i. Orí irú èrò yìí ni àwọn obìnrin kan tó wà nínú ìjọ ajíhìnrere ní Salvador dúró sí tí wọ́n fi ń dín àkàrà, tí wọ́n sì ń tà á. Wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, àwọn mìíràn bọ́ aṣọ funfun náà, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń tà ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù.

Ẹ̀tọ́ wọn láti jẹun nídìí iṣẹ́ tí ìyá wọn kọ́ wọn kò ṣeé fi dù wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ kiri àkàrà ní Bahia wá owó òmìnira ni, kò sì sí ìdí tí obìnrin tálákà kan yóò fi sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù nítorí pé ó yí ẹ̀sìn padà. Àmọ́ orúkọ tuntun yẹn ń ta ko èrò tó gbé e dìde. Bí òrìṣà kò bá jámọ́ nǹkan, tí àkàrà sì jẹ́ ẹ̀wà lásán, kí ló dé tí a ní láti bo orúkọ rẹ̀ àtijọ́ mọ́lẹ̀? Orí ìwé kan náà sì kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní ìmọ̀ má fi òmìnira rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíràn léṣe. Ní Salvador, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ni àwọn baiana tó rí i tí ohun ìní òrìṣà wọn ń gba orúkọ mìíràn lójú wọn.

Ìdáhùn ìjọba

Ìjọba gba ọ̀nà tirẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1998, ìjọba ìlú Salvador ṣe òfin lórí aṣọ àti àtẹ àwọn baiana. Ní 2005, IPHAN, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìní àjogúnbá Brazil, kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Iṣẹ́ àwọn baiana ni wọ́n kọ, wọn ò kọ àkàrà nìkan: ìmọ̀ wọn, aṣọ wọn, àtẹ wọn àti ẹ̀sìn tó so mọ́ ọn ló wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Nígbà tí òfin ìtajà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014 fẹ́ lé wọn kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù Fonte Nova ní Salvador àti àyíká rẹ̀, ẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi gba àyè wọlé.

Òfin lè dáàbò bo iṣẹ́, ó sì lè sọ aṣọ tí èèyàn yóò wọ̀ síbi iṣẹ́. Kò lè pàṣẹ ọ̀wọ̀. Obìnrin lè wọ aṣọ baiana láti òkè délẹ̀ kó má sì ka àwọn tó ni aṣọ náà sí.

Ìjọsìn àti ìmoore

Ohun tó kù lẹ́yìn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjọsìn àti ìmoore. Ìjọsìn jẹ́ ti ẹni tó gbàgbọ́, a kò sì lè fi dandan mú ẹnikẹ́ni ṣe é. Ìmoore jẹ́ ti gbogbo ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń dín àkàrà ní Bahia lè má sin Ọya láéláé. Kò sì yẹ kó sẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ Ọya ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Yorùbá ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn tí wọ́n jí gbé kọjá òkun, tí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ olówó wọn pẹ̀lú àtẹ yìí, kò yẹ kí wọ́n tún jí ìtàn wọn gbé lẹ́yìn ikú wọn.

Ìyàtọ̀ yìí tún tọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé sọ́nà. Wọ́n lè béèrè pé kí a dá àkàrà mọ̀ sí ti Ọya. Wọn ò lè béèrè pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti foríbalẹ̀ fún un. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí ń dín àkàrà, Kírísítẹ́nì ń dín in, àgbà tó bá sì kú, àkàrà tí wọ́n dín yóò dé ẹnu aládùúgbò láìbéèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fún un ní orúkọ tuntun, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn ibi tó ti wá.

Ìwà mímọ́ oúnjẹ, nígbà náà, kò sí nínú ẹ̀wà àti epo nìkan, kò sì parí sínú ọkàn ẹni tó dín in. Ó wà láàárín ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹni tó ń ṣe é lónìí àti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Títà kò lè ba a jẹ́, nítorí nípa títà ni òrìṣà fi rí ìtọ́jú, tí ẹrú sì fi di òmìnira. Ẹlẹ́sìn mìíràn tó bá jẹ ẹ́ kò lè ba a jẹ́, nítorí pé pínpín ni ìpìlẹ̀ ẹbọ. Ohun tó lè ba a jẹ́ ni kí a jẹun nínú rẹ̀, kí a là nídìí rẹ̀, kí a sì sẹ́ àwọn tó gbé e lé wa lọ́wọ́.