Rashidi Yekini: Ta Ló Bá A Délé?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún
Bíbélì kíkà: Jòhánù 5:1–9

Eré ọjọ́ náà kò tíì ju ìṣẹ́jú 21 lọ. Pápá Cotton Bowl ní ìlú Dallas ni, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Nàìjíríà sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Finidi George ta bọ́ọ̀lù wọ iwájú ilé Bulgaria. Rashidi Yekini tì í sáwọ̀n. Ó sáré wọ inú ilé náà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó ń ké, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí eré yóò fi parí, 3-0 ni Nàìjíríà na Bulgaria.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Karmo, l'Ábùjá, ni wọn kò tíì bí nígbà náà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà Karmo máa ń kún, tí Gbagyi onílẹ̀, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá ń fi èjìká gbún ara wọn, bí ọ̀rọ̀ bá di ta ló mọ góòlù í gbá jù, tí ọ̀dọ́ kan bá ní Osimhen ni, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi dárúkọ Yekini. Ìtàn ọkùnrin náà kò kúkú jìnnà sí wọn. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Idu tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Kàdúná, ìlú tí wọ́n bí i sí ní 1963. Pápá ìṣeré ńlá Àbújá sì ń jẹ́ orúkọ MKO Abíọ́lá, ẹni tó ni Abiola Babes tí Yekini gbá bọ́ọ̀lù fún.

Láti Kàdúná, ó dé Shooting Stars n'Íbàdàn, ó dé Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, ó ré kọjá sí Africa Sports ní Abidjan, kó tó dé Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Potogí. Góòlù 21 ló gbá wọlé níbẹ̀ ní sáà 1993 sí 1994, kò sì sí ẹni tó ju ìyẹn lọ ní líìgì wọn lọ́dún náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ní 1993. Nígbà tí Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994, góòlù 5 jẹ́ tirẹ̀. Góòlù 37 ló kó jọ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, ó sì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò láwùjọ. Ní 2011, àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ara rẹ̀ kò dá, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn kan gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tó gbọ́ pọ̀ ju àwọn tó dìde lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó kú lẹ́ni ọdún 48. Wọ́n sin ín sí Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbà yẹn ni ẹkún wá gba ìlú kan.

Nínú Bíbélì kíkà wa, àjọ̀dún ni wọ́n ń ṣe ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ tí Jésù yà sí ẹ̀bá adágún Betesda. Èrò pọ̀ nílùú. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38. Nígbà tí Jésù bi í bóyá ó fẹ́ ìwòsàn, kò sọ ti oògùn, kò sọ ti owó. Ohun tó rò fún Olúwa ni pé òun kò rí ẹni tí yóò gbé òun dé inú omi. Jésù nìkan ló dúró tì í lọ́jọ́ náà.

Bíi ti Jésù, àwọn kan wà tó máa ń lọ bá ẹni tó wà nínú ìṣòro fúnra wọn. Roberto Clemente, ọmọ Puerto Rico, wà lára àwọn tó mọ baseball í gbá jù lágbàáyé. Ìgbà 3,000 gééré ni bọ́ọ̀lù tó fi igi gbá mú èrè wá nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Nicaragua ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, ó kó ìrànwọ́ ránṣẹ́. Ó gbọ́ pé àwọn aláṣẹ kan ń jí i kó, ló bá ní òun fúnra òun ni yóò gbé e dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Bàálùù tó wọ̀ já sínú òkun lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù náà. Ọmọ ọdún 38 ni.

Nílé wa ńbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti fi ọ̀nà hàn ní àwọn ọdún 1950 ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Kò ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ mọ́lé. Ó wá ibùgbé fún wọn láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ẹbí kan bá oníkálukú wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ìtọ́jú kò tó lójú dókítà náà bí aláìsàn kò bá lẹ́nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Karmo kún fún ẹni tó fi aya, ọkọ tàbí òbí sílẹ̀ nílé wá jẹun l'Ábùjá, tó ń dá gbé yàrá kan. Ẹni tó ti ń lé orin nínú ìjọ lè dákẹ́ lójijì, kí wọ́n sì máa sọ pé ìgbéraga ló ń ṣe é, tàbí pé ayé ti ṣe é. Ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àdúrà orí pẹpẹ nìkan. Ẹ kàn sí i, ẹ bá a jókòó, ẹ bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá oúnjẹ ń wọlé. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ dúró tì í títí yóò fi rí i.

Àdúrà: Olúwa, rán wa létí ẹnìkan tí a ti pa tì, kí o sì gbé ẹsẹ̀ wa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.