Ta ló sọ fún wa pé òrìṣà ni?

 

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kan nínú wa mú ìwé ìtàn tí ọmọ rẹ̀ ń lò níléèwé wá bá mi. Ó fẹ́ fa ojú ewé kan ya nítorí àwòrán ère obìnrin ìhòòhò tó wà níbẹ̀. Ó ní òrìṣà àwọn kèfèrí àtijọ́ ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ìlú Willendorf ní Austria ni wọ́n ti hú ère yẹn jáde ní 1908. Òkúta ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11, ọwọ́ kan gbà á. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 ọdún. Ọmú rẹ̀ tóbi, ikùn rẹ̀ yọ, kò lójú, kò sì ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó lè fi dúró. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Yúróòpù. Èyí tí wọ́n rí nínú ihò Hohle Fels ní Jámánì ní 2008, òrùka kékeré ló wà níbi tí orí ìbá wà, bóyá wọ́n ń so ó kọ́rùn ni. Ti Dolní Věstonice ní ilẹ̀ Czech, amọ̀ tí wọ́n fi iná sun ni, ipa ìka ọmọdé sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òrìṣà ìbímọ ni. Àwọn kan ní àmì ọ̀rá àti àjẹyó ni lásìkò òtútù líle. Ní 1996, ẹnì kan ní àwọn obìnrin ló wo ara wọn nílẹ̀ tí wọ́n sì gbẹ́ ohun tí wọ́n rí. Kò sí ẹlẹ́rìí fún ìkankan. Orúkọ Venus tí wọ́n ń pè wọ́n gan-an, òrìṣà àwọn ará Róòmù ni, àwọn òyìnbó àná yìí ló fún wọn.

Ẹ wo ère ìbejì ilé wa. Ó lọ́mú, ó rí bí àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìkókó tó kú ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ tírà sọ́rùn òmíràn! (Mi ò ní ó dára o, ère gbígbẹ́ kò sí fún wa.) Bí kò bá sí Yorùbá tí àjèjì lè bi, kí ni yóò pè é? Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilà ojú ẹni, tí wọ́n á ti túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè. Ìyá wa Áíṣà náà ní ọmọlangidi tó fi ń ṣeré ní kékeré. Ànọ́bì rí i, kò bá a wí.

Nínú Súrátù Tọ́ọ̀-Hà, Fìríáónà bi Ànọ́bì Músá nípa àwọn ìran tó ti kọjá. Músá dá ìmọ̀ nípa wọn padà sọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀. Kò pè wọ́n ní kèfèrí, kò pè wọ́n ní mùmínì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ibn Abbas ṣàlàyé pé orúkọ ẹni rere ni Wadd, Suwa àti àwọn yòókù tí ìjọ Ànọ́bì Nùhà sìn. Ère ìrántí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wọn; nígbà tí àwọn tó mọ̀ kú tán, ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn bá ń sìn ín. Lónìí, àwọn kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń pe ère Willendorf ní ìyá ọlọ́run. Èmi tí mo ń tajà kò yà á lẹ́nu pé wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀ tà, àwọn tó ń rà á sì ń gbé e sójúbọ nínú yàrá wọn.