Ta Ló Ń Ti Bọ́ọ̀lù?

Láti orí ilé tó ga ní mítà 20, ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù síwájú gbọnrangandan, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báwo ni yóò ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé tó kó tó balẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti ń fi irú ìbéèrè yìí kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Ìwó. Ẹ ya ìrìn méjèèjì sọ́tọ̀: èyí tó ń já bọ̀ sísàlẹ̀ àti èyí tó ń lọ síwájú. Òòfà ilẹ̀ ń fi mítà 10 kún eré ìjábọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 2 ni yóò fi já mítà 20. Láàárín àkókò yẹn, ó ti rin mítà 30 síwájú. Ẹ jù ú ní ìlọ́po méjì eré yẹn, yóò dé mítà 60, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 2 náà ni yóò lò lófuurufú. Ìrìn kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ìṣirò kọ́ ló ń ká mi lára, àwòrán ni. Bí mo bá ní kí wọ́n fi ọfà tọ́ka sí agbára tó ń ṣiṣẹ́ lára bọ́ọ̀lù náà lófuurufú, ọ̀pọ̀ wọn á ya méjì: ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan síwájú. Mo bi ọmọbìnrin kan léèrè pé, "Èyí tó kọjú síwájú yìí ńkọ́, kí ló ń tì í?" Ó dìde, ó ní, "Ọlọ́run ni, sà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín, torí ọ̀rọ̀ ńlá lọmọ náà sọ.

Aristotle ní ohun tó bá ń rìn gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tì í. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń ti òkò tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ibn Sina, Mùsùlùmí bíi tèmi, tó kú ní 1037, kò gbà. Ó ní ẹni tó ju nǹkan ló fi ìtẹ̀sí kan sí i lára, bí ohunkóhun kò bá sì dí i lọ́nà, ìtẹ̀sí yẹn kì í tán. Galileo tẹ ìṣirò òkò jáde ní 1638. Ní 1687 Newton fi ṣòfin pé ohun tó ń lọ gbọnrangandan, tí eré rẹ̀ kò yí padà, kò nílò ẹni tí yóò máa tì í. Bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, ọfà kan ṣoṣo ló kù, ti ìsàlẹ̀.

Ṣé a ti lé Ọlọ́run kúrò nídìí bọ́ọ̀lù nìyẹn? Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe pín in: ó fi ìsàlẹ̀ fún ilẹ̀, ó fi iwájú fún Ọlọ́run. Èyí tó yé e, ó rí ohun tó fà á. Èyí tí kò yé e ló bù fún Ẹlẹ́dàá. Ọjọ́ tó bá wọ yunifásítì tí ìyẹn náà yé e, kí ló kù tí yóò fún Un? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó ní kì í ṣe iná ló ń jó òwú bí kò ṣe Ọlọ́run, kò ní ya ọfà yẹn láéláé. Lójú tirẹ̀, ìjábọ́ náà tọwọ́ Ọlọ́run wá bí ìlọsíwájú ṣe tọwọ́ Rẹ̀ wá. Newton la fi ń wọn agbára: òòfà tó ń fa bọ́ọ̀lù kílò 0.4 jẹ́ newton 4. Ẹni tó bá fi Ọlọ́run sẹ́gbẹ̀ẹ́ newton 4 ti wá orogún fún Un lórí bọ́ọ̀dù.

Mo ro èyí fún Àáfà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó ń tì í, a jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ti dá ara rẹ̀ dúró. Mo ní rárá o, Àáfà: kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì, kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún àsìkò tí yóò fi balẹ̀. Ṣé bí ohun tó dá dúró ṣe ń ṣe nìyẹn? Kò tíì gbà fún mi, a ṣì jọ ń fà á.