Ìpolówó Ọjà Àti Ìfọkàntán: Níbo Ni Ààlà Wà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa láti inú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Mile 2 lọ sí Òkókómáíkò rí yóò mọ olóògùn tí í máa dìde láàrin èrò. Yóò kí gbogbo wa, yóò gbàdúrà pé a ó dé ilé láyọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fa oògùn jẹ̀díjẹ̀dí yọ. Àwọn kan á rà, àwọn kan á máa sùn lọ. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Ìyànà Ìbà, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọjà ni ó ń tà.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tí a jọ jókòó, tí a ti jọ ń ráhùn nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ni ó sọ fún wa pé oògùn náà ni ó wo ìyá òun sàn. A ra á. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a rí òun àti olóògùn níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Kì í ṣe owó oògùn nìkan ni yóò dùn wá. Láti ọjọ́ náà lọ, a ó máa fura sí ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó tì wá.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó wà nínú àwọn ibi ìpàdé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ní Ọ̀jọ́, ẹni tí ń ta ẹ̀rọ ní Alaba, aránṣọ ní Ìbà, gbogbo wọn ni ó ní ibi tí wọ́n ti ń bá ojúgbà wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ibẹ̀ ń ná owó. Báwo ni yóò ṣe gba owó ìpolówó tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi ní tú ká?

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. A kò lè sọ pé ìpolówó fúnra rẹ̀ burú. Oṣù kẹta ọdún 2005 ni Ọ̀gbẹ́ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀. Kò gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpolówó ni ó ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni ó ń gbé e sí, ẹni tí ó bá sì rí i mọ̀ pé ìpolówó ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, ibi ìpàdé náà sì dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó tún jí, àwọn ènìyàn padà wá. Ìpolówó kò lé wọn. Ohun tí wọ́n padà wá wá ni ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ibí yìí ni kí á ti dúró wò ó. Onílé kọ́ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó ń pe èrò? Àwọn àlejò ni, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta àyè ìpolówó ń ta ohun tí òun nìkan kò ṣe.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé jọ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, kìkì pé a mẹ́nu bà á pé ó ṣeé ṣe kí ìpolówó wọ ibẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ ní èdè Sípéènì kó ẹrù wọn. Wọ́n lọ dá Enciclopedia Libre tiwọn sílẹ̀. Wikipedia kò sì gba ìpolówó títí di òní. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni wọ́n ń gbà. Ní Amẹ́ríkà, Digg náà yí ojú padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ó fún àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ní àyè láti máa gbé ọ̀rọ̀ tiwọn wọlé ní tààrà, níbi tí ó jẹ́ pé ènìyàn lásán ni ó ń yan ohun tí ó dára tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn bínú, ọ̀pọ̀ sì ṣí lọ sí Reddit.

WhatsApp ńkọ́? Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009 kórìíra ìpolówó, wọ́n sì ń gba dọ́là kan lọ́dún. Facebook rà á ní ọdún 2014, wọ́n pa owó náà rẹ́ ní 2016. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n kéde pé ìpolówó yóò wọlé, ṣùgbọ́n ojú ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe àárín ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ sọ. Àwọn náà mọ ibi tí iná ti ń jó. Ṣé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, kò sí ìpolówó kankan níbẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òfin tuntun jáde nípa ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wa, ọ̀pọ̀ sá lọ sí Signal àti Telegram. Nílé wa níbí, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta ní oṣù keje ọdún 2024 nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ìpolówó ni ó ń tú àwùjọ ká bí kò ṣe ìbojú. Gbogbo wa mọ ìtàn oníṣòwò oúnjẹ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ki ọwọ́ bọ òkìtì rẹ̀, tí ó rí i pé inú rẹ̀ tutù. Kò bá a wí pé ó ń tajà. Ohun tí ó bi í ni ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí kò san kọ́bọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. A kò lè ní kí ọkọ̀ gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́ kí á tún máa lé olóògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó ti san ìfọkàntán, àmánà sì ni ìfọkàntán. Onílé lè ta ògiri rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ lẹ bébà mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ ta ohùn àwọn ará ilé.

Kí á má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni èyí. Nígbà tí MMM ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, tí CBEX sì wó ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kì í ṣe ìwé ìpolówó ara ògiri ni ó mú ọ̀pọ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí a jọ ń kírun ni. MMM ń san èrè fún ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wá, ẹni náà kì í sì í sábà sọ ọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlòmíràn bá a lọ. Owó lè padà bọ̀. Ojú tí a fi ń wo ara wa kì í padà bọ́rọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp, láti Ọ̀jọ́ dé Òkókómáíkò, bí ẹnìkan bá fún yín ní owó kí ẹ lè gbé ọjà rẹ̀ síbẹ̀, tí ọjà náà sì mọ́, ẹ gbà á, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí òkè pé owó ni ẹ gbà. Àwa tí a kù náà, bí owó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa, kí á kọ́kọ́ sọ ti owó náà, kí á tó sọ ọ̀rọ̀ náà.